Èmi Ni Mo Yí Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Padà fún Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tó ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Mi ò ní dárúkọ ara mi. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni mí. Lómé ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Mo ń ṣe búrẹ́dì tà ní àdúgbò Totsi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́jọ. Ó ti rà nínú mi. Bí mo bá dá jókòó, àfi bíi pé mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ mi ti mọ̀, kò sì jẹ oúnjẹ tí mo bá sè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ lè wá bú mi.

Mo ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Dọ̀kásì, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá wa pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó padà sílé. Èmi ti ń lọ síléèwé níbí nígbà náà, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin. Bí èmi ṣe gbọ́ Faransé àti Mínà, èdè àwọn ará Lómé, nìyẹn, tí Dọ̀kásì ò sì gbọ́ ju Yorùbá lọ.

Ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá. Ó lọ́kọ, kò rọ́mọ bí, ọkọ náà fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ìyá wa wá kú, mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó dé tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àwọn ọmọ mi àgbà ti lọ sílé ọkọ, èmi, ọkọ mi àti Ìbùkún, àbíkẹ́yìn wa, la kù nínú ilé. Ọmọ ọdún méje ni Ìbùkún. Yàrá rẹ̀ ni mo fi Dọ̀kásì sí, ibùsùn kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Dọ̀kásì ló ń di irun fún un, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló rán aṣọ káákì tó ń wọ̀ lọ síléèwé. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ ju èmi lọ. Mi ò bínú sí i. Ara tù mí, mo ráyè jókòó ti búrẹ́dì mi.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń rán ẹ̀wù ìsìn fún obìnrin kan nínú ìjọ wa. A jọ ń tàkúrọ̀sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wolẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun náà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún ìka rẹ̀ wọlé, ó ti kán síbẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. Dọ̀kásì ò mọ̀. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Mo pariwo, mo ní, "Dọ̀kásì! Ọwọ́ rẹ!"

Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ní, "Yéè, ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ yìí tún ti kán o." Abẹ́rẹ́ tó kán ló dùn ún, kì í ṣe ìka.

Mo ní kó bọ́ ẹ̀wù kí n wo ara rẹ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ ti ṣí láwọn ibì kan lẹ́yìn rẹ̀ àti ní ìdí rẹ̀, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òógùn bo gbogbo ara rẹ̀ nítorí ooru, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ gbẹ táútáú. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó ní, "Ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án?"

Ní ọjọ́ kejì mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn jẹ́ obìnrin àgbà kan, ó wọ awò, kì í kánjú. Ó fi òwú pa á lára, ó ní kó dijú kó máa fi ìka hàn níbi tó bá ti mọ̀ ọ́n. Ó tẹ iṣan ìgúnpá rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé ṣàlàyé.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ má fòyà. Ó ń sàn."

Gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò létí mi. Ó ní ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ó ní oṣù méjìlá ni yóò fi lò ó. Ó ní bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kò ní pẹ́ rárá tí kò fi ní lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́, kó máa bá wa gbélé, kó máa bá wa jẹun. Ó ní bó bá bẹ̀rẹ̀ lásìkò yìí, ọwọ́ rẹ̀ kò ní bàjẹ́ ju báyìí lọ. Ó ní bó bá lo oògùn ti òní, ìtọ̀ rẹ̀ máa pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kó má bẹ̀rù, oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n kó gbogbo ará ilé wá kí òun yẹ̀ wọ́n wò, pàápàá jù lọ ọmọdé. Ó sọ ọ́ yékéyéké. Ó tún un sọ. Ó wá ní, "Ẹ bá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní èdè yín."

Dọ̀kásì yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ló dọ̀tí."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ mi yé yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ò yé ara mi. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì yẹn pè ti gbá mi láyà. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí wọ́n bá fẹ́ dẹ́rù bà wá, wọ́n á ní inú igbó ladẹ́tẹ̀ ń gbé. Mo rò ó pé, ta ni yóò ra búrẹ́dì nílé adẹ́tẹ̀? Ta ni yóò jókòó tì wá ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀tẹ́ ni mo ń sá fún ju ẹ̀tẹ̀ lọ. Ó sì tún kù. Ó rí mi lára. Àbúrò tí ìyá mi bí lé mi ni o, ara mi ń rìn nítorí rẹ̀. Mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ìgbà tí a ti wọlé. Mo rọra fà á sílẹ̀, mo fi ìró mi nu ọwọ́ mi lábẹ́ tábìlì, mo nù ún, mo tún nù ún.

Nọ́ọ̀sì náà rí mi. Ó kàn na ọwọ́ tirẹ̀ kọjá lórí tábìlì, ó di ọwọ́ Dọ̀kásì mú.

Ó fún un ní oògùn ti ọjọ́ náà lò lójú ara rẹ̀, ó kó ìyókù ti oṣù náà fún mi nínú páálí pẹlẹbẹ kan. Ó béèrè nọ́ńbà fóònù mi, mo fún un ní èyí tí kì í ṣe tèmi. Ilé búrẹ́dì nìkan ni mi ò lè fi pa mọ́, nítorí wọ́n mọ̀ mí ní àdúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dọ̀kásì fi ìbẹ̀rù pè mí sí ilé ìwẹ̀. Ó tọ̀ sínú póò, ó pọ́n fòò. Mo ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń retí rẹ̀. Mo dì í mú léjìká, mo ní, "Ṣé o rí i? Oògùn yẹn ti ń ba inú rẹ jẹ́. Má lò ó mọ́, kó má lọ pa ọ́."

Ó sunkún. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní Ọlọ́run ló fi mí ṣe ìyá rẹ̀ kejì.

Mo gbé páálí oògùn náà lọ sí ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé, mo jù ú sínú rẹ̀. Kò tètè rì. Ó ń dán lórí ìgbẹ́, ìdin ń rìn lórí rẹ̀. Mo mú igi, mo tì í wọlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, ibẹ̀ yẹn ni mo wà, tí mo fi ọwọ́ kan di imú, tí mo fi ọwọ́ kejì ti oògùn àbúrò mi wọ inú ìgbẹ́.

Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ti ń kọ́ ilé kan ní Avépozo, létí òkun, lọ́wọ́ nígbà náà. Yàrá kan ṣoṣo la ti kan páànù lé. Mo sọ fún Dọ̀kásì pé nọ́ọ̀sì ní afẹ́fẹ́ òkun ń fọ ẹ̀jẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé ó fẹ́ dá dúró kó ríbi gba iṣẹ́. Àwọn méjèèjì gbà mí gbọ́. Ọjọ́ tó kó lọ, mo jó ẹní rẹ̀, mo jó ìrọ̀rí rẹ̀, mo fọ́ àwo àti ife rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbùkún dé láti iléèwé, ó bá ibùsùn náà lófìfo. Ó bi mí pé ṣé Àǹtí Dọ̀kásì bínú sí òun ni.

Oṣù kan kọjá, nọ́ọ̀sì yẹn wọ ilé búrẹ́dì mi wá ní ọ̀sán gangan. Àwọn oníbàárà wà nínú ilé. Mo sáré fà á sẹ́yìn ààrò. Ó ní Dọ̀kásì ò wá gba oògùn oṣù kejì.

Mo ní, "Ó ti padà sí Nàìjíríà."

"Sí ìlú wo? Kí n kọ ìwé fún un, wọ́n máa fún un lóògùn níbẹ̀."

"Mi ò mọ ìlú náà dáadáa."

Ó wò mí. Ó ní, "Ọmọdé ńkọ́? Ẹ ní ọmọdé nínú ilé?"

Mo ní, "Rárá. Gbogbo àwọn ọmọ mi ti lọ́kọ."

Ìbùkún wà níléèwé ní wákàtí yẹn, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ síbi tí a dúró sí. Mo di búrẹ́dì méjì sínú ọ̀rá, mo fi lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ó gbé e padà sórí tábìlì, ó sì lọ. Àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Mo rò pé kì í ṣe èmi nìkan ló ti parọ́ fún un lọ́sẹ̀ yẹn.

Báyìí ni Dọ̀kásì ṣe di ará Avépozo. Àwọn aya apẹja ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ó kọ́ Mínà díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu wọn, ó ń rán aṣọ fún wọn. Èmi máa ń lọ wò ó ní ọjọ́ Sátidé, màá gbé búrẹ́dì àti oúnjẹ dání. Mi ò jókòó rí. Màá ní mò ń kánjú, wọ́n ń retí mi ní Totsi. Bí mo bá ń gbé nǹkan fún un, màá di etí ọ̀rá kan mú, kó fi ọwọ́ gba etí kejì, kí ọwọ́ wa má baà kan ara wọn. Bí mo bá délé, màá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ bó ọwọ́ mi.

Ọdún ń gorí ọdún, ìka rẹ̀ ń ká. Ìka ìkẹyìn àti èyí tó tẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ ká wọnú bí èékánná àwòdì. Nígbà tó yá, kò lè mú abẹ́rẹ́ mọ́. Ó di ẹ̀rọ rẹ̀ láṣọ, ó gbé e sí igun yàrá. Ojú rẹ̀ òsì ò pa dé mọ́ bó bá sùn. Ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyin iná níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, kò mọ̀, àfìgbà tó gbọ́ òórùn ẹran jíjó. Egbò náà ò jinná. Nígbà tí mo lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, eṣinṣin ń bò ó, omi rẹ̀ ń ṣàn, òórùn rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ìborùn bo imú.

Dọ̀kásì rí mi. Ó fa ẹsẹ̀ náà sábẹ́ ìjókòó, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ó ń rùn."

Òun ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò mú un lọ nígbà náà. Mo fẹ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú un lọ, wọ́n á bi í léèrè pé láti ìgbà wo. Irọ́ àkọ́kọ́ ti ga jù mí lọ. Wọ́n ní adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Èmi tí ìka mi pé mẹ́wàá ni mo da wàrà nù, tí mo sì ń fi ẹsẹ̀ nu ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Ọkọ mi kú ní ọdún kẹfà, kò mọ nǹkan kan.

Ìbùkún ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, ó wà ní lísè, iléèwé girama. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún yìí, ó ń lọ aṣọ káákì rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mò ń bá a wí pé ó ti pẹ́ jù. Bó ṣe yíjú sí mi láti dá mi lóhùn, apá rẹ̀ bà lé àyọ́ọ̀nù. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, èéfín ń rú lára rẹ̀.

Mo pariwo. Mo fa apá náà kúrò. Awọ ara rẹ̀ bá àyọ́ọ̀nù lọ. Mo ní, "Ṣé kò dùn ọ́ ni?"

Ó ní, "Kí ni?"

Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi.

Mi ò padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àtijọ́. Ilé ìwòsàn mìíràn ní ọ̀nà Kégué ni mo mú un lọ. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìhà Kara, lókè lọ́hùn-ún. Àbàwọ́n méjì ló rí lára rẹ̀, ó ní a tètè dé, oṣù mẹ́fà ni yóò fi lo oògùn. Ó bi mí pé ṣé ẹnikẹ́ni ti ní irú àrùn yìí rí nínú ilé. Ìbùkún jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Kò sí."

Ẹ wo ọmọ náà. Ó sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì ó gbé oògùn rẹ̀ sórí tábìlì tí a ti ń jẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, níwájú gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó ní, "Màmá, àrùn ni. Kì í ṣe olè ni mo jà." Ní àárọ̀ yẹn kan náà, bí mo ṣe ń kó ife kúrò nílẹ̀, mo yọ ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ló ṣe é fúnra rẹ̀. Mo gbójú sókè, Ìbùkún ń wò mí. Mo dá ife náà padà sáàárín àwọn yòókù. Ó ti pẹ́ jù.

Àwòrán àwọn aláìsàn wà lára ògiri ilé ìwòsàn náà, ìka tó ká, ojú tí kò pa dé. Nígbà tó lọ gba oògùn oṣù kejì, ó dúró wò wọ́n dáadáa. Ó délé, ó ní, "Màmá, ọwọ́ Àǹtí Dọ̀kásì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kó o. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ." Mo ní ẹ̀jẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ó ní bí mi ò bá lọ, òun á mú wọn lọ fúnra òun. Mo tẹ̀ lé wọn. Kì í ṣe ìfẹ́ ló mú mi tẹ̀ lé wọn, ẹ̀rù ohun tí wọn yóò sọ lẹ́yìn mi ni.

Nígbà tó kàn wá, Ìbùkún ti lọ tò síbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Èmi àti Dọ̀kásì la wọlé. Nọ́ọ̀sì náà ò gbọ́ Mínà, Dọ̀kásì ò sì mọ̀ ju "bọ́ǹjú" lọ nínú Faransé. Èmi náà ni mo tún jókòó sáàárín.

Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀, ó mi orí. Ó fi Faransé ní, "Ẹ bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí. Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ̀tẹ̀ ni, pé oògùn wà?"

Mo yíjú sí Dọ̀kásì. Mo ní, "Ó ní ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe ọ́."

Dọ̀kásì ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ó ti pẹ́. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi ò fi mí sílẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ mú mi lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ló dọ̀tí, wọ́n fún mi ní oògùn tí ì bá pa mí, òun ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé láti ọdún mẹ́jọ, kò sí Sátidé tí kò gbé oúnjẹ wá fún mi. Ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ o."

Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tí mo túmọ̀ fún àbúrò mi tí mi ò bù kù, tí mi ò fi kún.

Nọ́ọ̀sì náà gbé bírò sílẹ̀, inú ń bí i. Ó ní, "Ilé ìwòsàn wo ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Nọ́ọ̀sì wo? Irú wọn ló yẹ ká fi sùn. Àwọn ló sọ obìnrin yìí di báyìí."

Mo ní a ò rántí. Bí mo ṣe gbójú sókè, Ìbùkún dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Yorùbá. Mi ò mọ ìgbà tó ti débẹ̀.

Ó di ọwọ́ Dọ̀kásì mú títí a fi sìn ín dé Avépozo, kí àwa méjèèjì tó padà délé. Ó jókòó sórí àga tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì bi wọ́n nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ yí i padà?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Òwú, ìtọ̀ pupa, ṣáláńgá, búrẹ́dì méjì. Mo sọ fún un pé mo ní mi ò ní ọmọdé nínú ilé. Ó ń wò mí bí ẹni tó fọ́ ẹyin tó bá a tó ti rà. Ó dìde, ó lọ bì lẹ́yìnkùlé. Mo gbé omi lọ fún un, kò gbà á.

Ó ní, "Nítorí búrẹ́dì?"

Mo gbé omi náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mi ò ní sọ fún wọn, ọ̀rọ̀ yín ni. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, mi ò ní parọ́. Láti òní lọ, èmi ni màá máa bá wọn lọ, èmi ni màá máa túmọ̀ fún wọn."

Láti ọjọ́ náà kò fẹnu kan oúnjẹ mi mọ́. Bí iléèwé ṣe gba ọlidé, ó kó aṣọ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà zẹ́mì, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi omi rẹ ẹsẹ̀ náà, bí yóò ṣe máa fi òróró nà án ní ìka. Wọ́n jọ ń lo oògùn wọn papọ̀ láràárọ̀. Dọ̀kásì ti mọ orúkọ àrùn náà báyìí, ó ṣì rò pé nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Egbò náà ti ń jinná, wọ́n ní. Ìka tó ti ká kò ní nà mọ́.

Èmi nìkan ló kù nílé báyìí. Mo ń po ìyẹ̀fun, mo ń wo ọwọ́ mi nínú rẹ̀, ara mi ń rìn. Àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́. Mo ti ń sá fún ọwọ́ Dọ̀kásì láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ tèmi ló yẹ kí wọ́n sá fún. Mo lọ wá nọ́ọ̀sì àgbà yẹn lọ sí ilé ìwòsàn àtijọ́, kí n tọrọ àforíjì, kí wọ́n má baà fi ẹ̀bi mi lé e lórí. Wọ́n ní ó ti fẹ̀yìn tì, wọn ò mọ ibi tó wà.

Ẹ̀yin tí ẹ rí àbàwọ́n lára ẹni yín tí kò mọ ìrora, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ mú un lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kó àwọn ọmọ wá, ẹ kó wọn lọ.

Lánàá, Dọ̀kásì pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ dùn, mo ń gbọ́ ẹ̀rín Ìbùkún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ní ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fẹ́ bá mi sọ. Ṣé kò sí o? Ẹ má jẹ́ kó wúwo lọ́kàn yín, kí ni ẹ lè fi ṣẹ̀ mí? Ẹ wá lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ jókòó lọ́tẹ̀ yìí."

Mo ní màá wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n mú àgbà kan dání láti bá mi bẹ̀ ẹ́, àbí kí n dá lọ? Bó bá ní òun ò fẹ́ rí mi mọ́, ṣé kí n lọ, àbí kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà? Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi lé E lọ́wọ́ tí èmi ò fi ṣe nǹkan kan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni mi ò rí. Ẹ bá mi wá a. Mo máa fi ẹnu ara mi sọ ìyókù.